Èmi Nìkan Ni Kó Fọwọ́ Sí I

Àwa yòókù máa ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Ọ̀gá Àgbà kì í lọ síbi iṣẹ́. Ṣe ló máa ń dé. Kó tó dé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á ti tẹ aago, lífítì á ti wà nísàlẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí, àwọn tí wọ́n níṣẹ́ lókè á sì máa fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn, nítorí pé lífítì ń retí Ọ̀gá. Bó bá wá dé tán, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," òun á sì mi orí díẹ̀, bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

Ọ́fíìsì wo nìyí? Ọ́fíìsì tó ń fún àwọn ará ìlú ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé, tàbí bí ẹ bá kàn fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí ilé bàbá yín ká, ibẹ̀ lẹ máa gbé pláànù yín lọ. Ẹ ó jókòó sórí àga kékeré kan níwájú tábìlì Ọ̀gá. Àga yẹn kì í ṣe àga ọmọdé o. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ gbogbo àga àlejò, kí orí ẹnikẹ́ni má baà bá tòun dọ́gba. Káfíńtà gé e, Ọ̀gá ní ó ṣì ga. Ó tún gé e, títí eékún àwọn àlejò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ìgbà náà ni inú Ọ̀gá dùn.

Bí kò bá sí nítòsí, Èmi-Nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Èmi nìkan ni mo tún ọ́fíìsì yìí ṣe. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ìlú yìí ń fẹ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀ títí wọ́n fi parí ìpàdé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èmi nìkan ni mo mọ bí mo ṣe ṣe é." Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Bẹ́ẹ̀-Gan-an, pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe ní ọ́fíìsì kò ju kó máa sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà!" Àní Ọ̀gá sín lọ́jọ́ kan, ó sì sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ rí, ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Ó lè wà nítòsí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń já ọkùnrin yìí láyà, ọjọ́ orí ni. Ọdún tí ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì ti ń sún mọ́ ọn. Ó ti bẹ Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n fi ọdún díẹ̀ kún un fún òun, wọ́n sì ní àwọn á wò ó. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Nílé tirẹ̀, kò sí lífítì, kò sì sí ẹni tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Bó bá jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó rẹ̀ á dúró tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò ńbẹ̀ kí n ráyè gbálẹ̀." Á gbé e. Ó ń ronú pé bóyá báyìí ni ayé òun á ṣe máa rí lójoojúmọ́, àyà rẹ̀ á sì já.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, wọ́n rán Ẹnjiníà kan sí wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tó wọ awò ojú. Ó ṣàlàyé pé àwọn ará ìlú á máa fi pláànù wọn ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà, àti pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, á sì máa fọwọ́ sí èyí tó bá kàn án.

"Dúró ńbẹ̀," Ọ̀gá Àgbà ní. "Ta ló máa fọwọ́ sí ti fẹ́ǹsì?"

"Ẹni tó wà nídìí fẹ́ǹsì, sà."

"Ta ló máa fọwọ́ sí ti gọ́tà?"

"Ẹni tó wà nídìí gọ́tà, sà."

"Èmi wá ńkọ́? Ṣé kí n wá máa wò wọ́n lójú bí ẹni tó wá gba pláànù?" Ó dìde, ó fi ọwọ́ sọ àyà. "Èmi nìkan ni kó fọwọ́ sí i."

"Gbogbo rẹ̀, sà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Títí kan bírò? Títí kan ọṣẹ ìfọwọ́?"

"Ta ló fẹ́ máa fi ọṣẹ tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀ fọwọ́ nínú ọ́fíìsì mi?"

"Títí kan ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì?" Ẹnjiníà rọra béèrè. "Torí pé kọ̀ǹpútà yìí mọ ọjọ́ orí gbogbo òṣìṣẹ́ o, sà. Bí àkókò ẹnì kan bá ti ń tó, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé orúkọ onítọ̀hún jáde, ẹni tó bá láṣẹ á sì fọwọ́ sí i. Bó bá ti fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn. Kò ṣeé yí padà."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń wí! Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fẹ̀yìn tì níbí láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà!" Igbákejì ní.

Ẹnjiníà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà náà, wọ́n fi rìbọ́ǹnì pupa dì í láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀gá Àgbà dúró níwájú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ títí àwọn tó dúró lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan sinmi lórí ìkejì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ìgbà kan wà tí òkùnkùn bo ọ́fíìsì yìí. Ìwé ń sọnù, pláànù ń sọnù, àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá ń sọnù bó bá ti di ọ̀sán. Ta ló wá? Èmi ni. Ta ló ronú? Èmi ni. Láti òní lọ, mo ti di ẹni tó ń fi ìka kan ṣoṣo darí ìlú!"

Ó gé rìbọ́ǹnì, ó gbé ìka náà sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì fi tẹ kọ̀ǹpútà. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, nítorí pé nínú gbogbo hílàhílo rìbọ́ǹnì, kò sẹ́ni tó rántí ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri. Ọ̀gá yíjú sí àwọn ènìyàn, ojú ò tì í rárá.

"Ẹ ò rí i bó ṣe dákẹ́?" ó ní. "Ó mọ ẹni tó dúró síwájú òun. Ọ̀wọ̀ ló ń fún mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà ìkẹyìn tí Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Kò mọ̀ ọ́n lò, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n lò, torí náà kò lè béèrè. Ó pe akọ̀wé rẹ̀ sínú ọ́fíìsì, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Akọ̀wé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó wá sọ páásíwọ́ọ̀dù fún un wúyẹ́wúyẹ́.

"EMINIKAN," ó ní. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Máa bá mi tẹ̀ ẹ́."

Àǹtí Akọ̀wé ṣe é fún ọjọ́ díẹ̀, ọrùn ń ro ó. Ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì ń dé, ọ̀rọ̀ gọ́tà ń dé, òun kò sì mọ̀ nípa èyíkéyìí nínú wọn. Lọ́jọ́ kan ó fi ìbínú sọ páásíwọ́ọ̀dù náà fún àwọn tó wà nídìí fẹ́ǹsì, ó ní kí wọ́n máa bá ara wọn ṣe é. Àwọn tó wà nídìí gọ́tà ò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni wọ́n tẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ṣí fún wọn wàì. Kó tó pẹ́, gbogbo ọ́fíìsì ti di Ọ̀gá Àgbà. Ẹni tó wà nídìí fẹ́ǹsì á wọlé, á jókòó, á di Ọ̀gá Àgbà títí di ọ̀sán. Ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá di Ọ̀gá Àgbà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó fọwọ́ sí ọṣẹ, ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má bínú sí wọn. Iṣẹ́ ń lọ. Pláànù tó máa ń pẹ́ títí lórí tábìlì Ọ̀gá ti ń jáde wéré, àwọn ará ìlú sì ń dúpẹ́. Ohun tó kù fún Àǹtí Akọ̀wé ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí kò kan ẹnikẹ́ni: bírò, ọṣẹ, ìsinmi, gílóòbù iná tó kú. Láràárọ̀, á po tíì Ọ̀gá, á ṣí kọ̀ǹpútà, á sì tẹ ibi tí wọ́n kọ "Fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀" sí. Kì í kà á mọ́. Ta ló ń ka ọ̀rọ̀ ọṣẹ?

Báyìí ni wọ́n wà tí Olùwádìí fi dé. Obìnrin kan tó ń kàwé gboyè ní yunifásítì ni. Ìwádìí tirẹ̀ dá lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gba kọ̀ǹpútà tuntun níbi iṣẹ́: ìdí tí àwọn kan fi ń lò ó, ìdí tí àwọn kan fi ń sá fún un, àti ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i bó bá ṣòro. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ nípa rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Ó rò ó pé bí ọmọ yunifásítì bá lè dúró níwájú Ìgbìmọ̀ kó sọ pé láìsí òun kọ̀ǹpútà náà á kú, wọn ò ní lè kọ àfikún ọdún fún òun.

Ó ní kí obìnrin náà jókòó. Obìnrin náà jókòó, eékún rẹ̀ sì gòkè dé àgbọ̀n.

"Ọmọ mi," Ọ̀gá ní láti òkè, "kí lo fẹ́ mọ̀ nípa mi?"

"Nípa kọ̀ǹpútà ni, sà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé ó wúlò, àti bóyá ó rọrùn fún wọn láti lò."

"Ó wúlò nítorí pé èmi ni mo gbé e wá. Ó rọrùn nítorí pé èmi ni mo ń lò ó. Ṣé ìwádìí ò ti parí báyìí?"

"Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa fẹ́ bi àwọn yòókù."

"Bi wọ́n! Bi wọ́n!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun kan náà ni gbogbo wọn á sọ fún ọ."

Òótọ́ ló sọ, nítorí pé lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn, tí Igbákejì sì kọ́ wọn ní ìdáhùn bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ iléèwé ní ábídí. "Ṣé ó wúlò?" "Ó wúlò púpọ̀!" "Ṣé ó rọrùn?" "Ó rọrùn bí omi mímu!" "Ta ló jẹ́ kó rọrùn?" "Ọ̀gá wa Àgbà!" Ẹni tó wà nídìí gọ́tà ní òtútù mú òun lọ́fun, wọ́n sì ní kó máa la ẹnu lásán.

Olùwádìí jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe ẹni tó ń dá ènìyàn lẹ́rù. Ó ń bá wọn jẹ búrẹ́dì, ó ń bá wọn ṣàwàdà, ó sì ti ṣèlérí fún wọn pé òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ó bi ẹni tó wà nídìí fẹ́ǹsì pé, "Bùrọ̀dá, orúkọ wo lẹ fi ń wọlé?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Orúkọ ọ̀gá wa ni."

"Ẹ̀yin gọ́tà ńkọ́?"

"Orúkọ ọ̀gá wa náà ni, Àǹtí. Ẹ má bínú."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó wá gba àyè láti wo àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń tọ́jú nípa ẹni tó wọlé, ìgbà tó wọlé, àti yàrá tó ti wọlé, ó rí i pé kò sí òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tó Ọ̀gá Àgbà ní gbogbo ayé. Ọ̀gá Àgbà ń yẹ gọ́tà wò nísàlẹ̀ lákòókò tó ń yẹ fẹ́ǹsì wò lókè. Ó tún wà lẹ́nu géètì.

Kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. Ó rò pé ohun tó bójú mu ni kí òun kọ́kọ́ sọ fún ọkùnrin náà kí Ìgbìmọ̀ tó gbọ́. Torí náà, ó padà lọ jókòó sórí àga kékeré yẹn.

"Sà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí mo rí. Nínú gbogbo ọ́fíìsì yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ó ń lo òun."

Ọ̀gá Àgbà fò dìde. "Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Mo mọ̀! Igbákejì, ṣó o gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà!"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun tó fà á ni pé..."

"Má ṣàlàyé nǹkan kan! Ṣé kó o wá bà á jẹ́ ni? Lọ sọ ọ́ níwájú Ìgbìmọ̀ bó o ṣe sọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́." Ojú rẹ̀ kún fún omi ayọ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo. Áà! Ọmọ mi, o máa gboyè."

Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, Igbákejì ṣí ilẹ̀kùn, ó di ìta. Ẹ ò lè sọ pé kò kìlọ̀.

Ọjọ́ Ìgbìmọ̀ pé. Gbọ̀ngàn kún. Ìyá Alága, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó sáàárín. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́yìn, Àǹtí Akọ̀wé wà láàárín wọn pẹ̀lú fúláàsì tíì Ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà wọ aṣọ tuntun tó dúró gbagidi lára rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Alága, ẹ̀yin ọlọ́lá, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ lásán jẹ ọ̀gá. Èmi kọ́! Gbogbo ohun tí wọ́n fọwọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà yẹn, láti orí ilé alájà mẹ́wàá títí dé orí bírò, ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ò fọwọ́ kàn án rí. Bó bá wà níbẹ̀, èmi ni. Mo fi orúkọ mi búra!"

"A gbọ́," Ìyá Alága ní. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá kan Olùwádìí. Ó dìde, ó tan àwòrán sára ògiri, ó sì ṣàlàyé ìwádìí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní iṣẹ́ ń yá ní ọ́fíìsì náà lóòótọ́, àwọn ará ìlú sì ń dúpẹ́. Ó ní òun ò ní dárúkọ òṣìṣẹ́ kankan. Ó kàn ń wu òun kí Ìgbìmọ̀ wo bí orúkọ kan ṣoṣo ṣe ń ṣiṣẹ́ ní yàrá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Lọ́jọ́ Tusidé yìí," Ìyá Alága ní, ó ń wo ògiri, "ẹ wà nídìí gọ́tà, ẹ wà nídìí fẹ́ǹsì, ẹ sì tún wà lẹ́nu géètì. Ṣé ọjọ́ yẹn kọ́ lẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ wà lọ́dọ̀ dókítà eléyín?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá Àgbà nu iwájú orí.

"Iṣẹ́ ìlú... kì í jẹ́ kí n sinmi, mà. Bí wọ́n ṣe ń yọ eyín mi ni mò ń fọwọ́ sí i."

"Ní yàrá mẹ́ta?"

"Mo máa ń yára, mà."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà!" Igbákejì kígbe. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ohun tó kó wa jọ lónìí ni ọ̀rọ̀ àfikún ọdún tẹ́ ẹ béèrè. Mo fẹ́ sọ fún yín pé a ti ṣe tán láti fún yín."

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó rí lífítì lọ́kàn rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí.

"Ṣùgbọ́n ìwà yín ya gbogbo wa lẹ́nu. Lóṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà gbé orúkọ yín jáde fún ìfẹ̀yìntì, ẹ sì fọwọ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ fọwọ́ sí i láàárín bírò àti ọṣẹ, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ sì mọ òfin tó wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀: bí ẹni tó láṣẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó parí. Àwa ò lè fi ọdún kún ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì."

Fúláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Akọ̀wé. Ó rántí gbogbo àárọ̀ tó fi po tíì, ó sì rántí ibi tó ń tẹ̀ láìkà á. Iṣẹ́ tó fi ń tọ́ ọmọ ló ń wò tó ń lọ yẹn.

"Èmi... èmi..." Ọ̀gá Àgbà ní.

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ sí i?" Ìyá Alága rọra béèrè. "Bí kì í bá ṣe yín, ẹ sọ fún wa. Èyí tẹ́ ẹ bá sọ la máa kọ. Ṣùgbọ́n a máa fẹ́ mọ ta ni, àti pé ta ló wá fọwọ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ káàkiri ìlú yìí láti ọjọ́ yìí."

Ẹ wò ó bó ṣe dúró. Gbólóhùn kékeré kan ló lè gbà á: "N kò mọ̀ ọ́n lò." Bó bá sọ ọ́, wọ́n á fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n á bi í ní ìbéèrè tó le, ṣùgbọ́n ìfẹ̀yìntì yẹn á wó lulẹ̀, bóyá àga rẹ̀ sì ṣì lè jẹ́ tirẹ̀. Ó wo Ìyá Alága. Ó wo Àǹtí Akọ̀wé, tí omi ti kún lójú rẹ̀. Ó wo gbogbo àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri fún un láràárọ̀, ó sì rò ó pé wọ́n máa gbọ́ pé ọ̀gá wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Kò lè sọ ọ́.

Ó gbé àgbọ̀n sókè. "Èmi ni," ó ní. "Èmi nìkan ni mo fọwọ́ sí i."

Àwọn kan nínú Ìgbìmọ̀ dìde fún un. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ọ̀gá tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí Akọ̀wé dorí kodò, ó sunkún ìdúpẹ́, ó sì rò ó títí di òní pé nítorí tòun ló ṣe sọ ọ́. N kò fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin mọ òótọ́: ìgbéraga rẹ̀ ló gba obìnrin yẹn là, kò sì mọ̀ pé òun ṣoore kankan.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà!" Igbákejì ń pàtẹ́wọ́. Láàárín àtẹ́wọ́ náà ló rántí pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀gá òun mọ́. Ó yíjú sí Ìyá Alága, ó sì ń pàtẹ́wọ́ náà lọ. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà!"

Wọ́n fi obìnrin kan rọ́pò rẹ̀, ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Wọ́n pe Ẹnjiníà padà, ó sì fún olúkúlùkù ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn tẹ kọ̀ǹpútà mọ́. Àǹtí Akọ̀wé kúrò nídìí tíì. Ó wá di ẹni tó ń dá àwọn ará ìlú lóhùn. Olùwádìí gboyè, ó sì tún padà wá, pé òun fẹ́ mọ bí àwọn ará ìlú náà ṣe ń lo kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Kò tíì sí ẹni tó rántí láti pààrọ̀ àwọn àga kéékèèké yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú pláànù lábẹ́ abíyá. Kò sẹ́ni tó tẹ aago. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó lọ kọ́ yàrá kan sẹ́yìnkùlé, níbi tí á ti máa jókòó, kí òun lè ráyè gbá pálọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà!" Àǹtí Akọ̀wé dìde, ó kúnlẹ̀ kí i tayọ̀tayọ̀. "Ẹ jókòó, sà."

Ó jókòó. Eékún rẹ̀ gòkè dé àgbọ̀n. Ó wo àga náà. Wọ́n yí kọ̀ǹpútà sí i pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i kí wọ́n lè gba pláànù. Ó na ìka kan jáde, ìka tó fi ń darí ìlú nígbà kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó wá a lápá ọ̀tún. Ó wá a lápá òsì. Òógùn bò ó.

Olùwádìí, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú, ìbéèrè méjì péré ni. Ṣé ó wúlò?"

"Ó wúlò."

"Ṣé ó rọrùn láti lò?"

Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà títí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé rìbọ́ǹnì yẹn, ó sọ òótọ́.

"Kò rọrùn rárá, ọmọ mi." Ó yíjú sí Àǹtí Akọ̀wé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé kò sí ẹni tó lè bá mi tẹ̀ ẹ́ ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà gan-an. Bó bá jẹ́ pé ó ṣeé ṣe ni, á bá a tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń bá a tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà àkọ́kọ́ fún un, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ó ti di òfin, sà," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan ni."